Igi Àlejò Lórí Ààlà

Ẹ má wulẹ̀ retí kí n sọ pé oníwà tútù ni Kifayat. Ẹnu rẹ̀ le, orí kunkun rẹ̀ ju ti ewúrẹ́ lọ, bó bá sì bínú sí èèyàn, ó di kó pẹ́ kó tó rántí pé ọ̀rọ̀ kan ń jẹ́ àforíjì. Òdòdó ló ń tà lẹ́bàá títì ní Òkè Fíà, l'Óṣogbo, ṣùgbọ́n Ìbòkun ló ti ń gbìn wọ́n, lórí ilẹ̀ tí Fọláránmi, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, fi sílẹ̀ fún un nígbà tó kú. Kànga kan wà lórí ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá gba kànga yẹn lọ́wọ́ Kifayat ti gba oúnjẹ ẹnu rẹ̀.

Túyà ló fẹ́ràn jù. Igi Kérésì ni àwọn oníbàárà ń pè é, wọ́n sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Mùsùlùmí ló ń ta igi Kérésì. Kò dùn ún. Á sọ fún wọn pé ilẹ̀ Ṣáínà ni igi náà ti wá, lórí òkè olókùúta tí òjò kì í ti í pọ̀. Pé àwọn ará ibẹ̀ ń gbìn ín sí àyíká ojúbọ àti ibojì, wọ́n sì ń fi ewé rẹ̀ ṣe oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró àti ti irun tó ń re. Pé bí omi kò bá ṣáà ti ń dúró sí ìdí rẹ̀, ó lè dàgbà ju àwọn ìlú kan lọ. Ewé rẹ̀ kò fẹ̀ bíi ti máńgòrò. Wẹ́wẹ́ ni, ó lẹ̀ mọ́ra bí ìpẹ́ ẹja, ẹ̀ka rẹ̀ sì nà sókè bí ọwọ́ ẹni tó ń ṣe àdúà. Èso rẹ̀ kéré, ó sì ní ìwo. Bí èèyàn bá fọwọ́ ra ewé náà, òórùn rẹ̀ á ta sánsán.

Ọdún tí ọkọ rẹ̀ kú ló ṣe àṣìṣe. Pèrègún ló tò lórí ààlà òun àti Ògúndìran, alágbẹ̀dẹ tó ni ilẹ̀ kejì. Kifayat ní kí ni ti igi òrìṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó òun, ó fa àdá yọ, ó gé gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbin túyà sí ojú ibẹ̀ gan-an. Dúróoríkẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní pèrègún kì í ṣe òdòdó, ẹlẹ́rìí ni. Òun ni àwọn àgbà ń wò bí ìjà ilẹ̀ bá dé. Kifayat fèsì pé bó bá jẹ́ ti ẹ̀rí ni, túyà náà lẹ́nu.

Ògúndìran rí i. Ìkà èèyàn ni, ó sì ní sùúrù. Ó dúró títí túyà fi ga ju èèyàn lọ, títí Dúróoríkẹ́ tó lè jẹ́rìí fi kú. Ìgbà náà ló wá sọ pé orí ilẹ̀ bàbá òun ni kànga wà. Nígbà tí àwọn àgbà àdúgbò dé, Bàbá Awódélé tó jẹ́ olórí wọn kò wo túyà lẹ́ẹ̀mejì.

"Níbo ni pèrègún wà, ìyàwó?"

"Mo ti gé e, Bàbá. Ojú ibẹ̀ ni mo gbin èyí sí."

"Ibi tó bá wuni là á gbin òdòdó sí."

Wọ́n ní àwọn á padà wá parí ọ̀rọ̀ náà bí òjò bá dé. Ara Ògúndìran kò gbà á kó dúró. Ó fẹ́ kí gbogbo àpá ààlà náà pa rẹ́ pátápátá. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí Kifayat wà ní mọ́sálásí l'Óṣogbo, ó bẹ́ gbogbo túyà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ààlà dé òpin, ó ku kùkùté. Nígbà tí Kifayat padà dé, Ògúndìran jókòó nílẹ̀ tirẹ̀, ó ń pọ́n àdá.

"Bó bá jẹ́ igi gidi ni, yóò hù," ó ní. "Bí kò bá hù, kí ìwọ náà padà sí ulé rẹ l'Óṣogbo."

Kifayat mọ̀ pé kò ní í hù. Túyà kì í rúwé lára igi tí kò léwé mọ́. Bí wọ́n bá ti gé e dé ìdí, ó parí. Ó ṣépè fún Ògúndìran tọmọtọmọ, ó wọlé, ó sì sunkún bí ọmọdé. Kì í ṣe igi ló ń sunkún lé lórí. Kànga ló rò pé ó ti lọ.

Òjò dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ohun tútù kan tó ń yọrí lẹ́bàá kùkùté àkọ́kọ́. Àdá ló kọ́kọ́ gbé sókè, bó ti máa ń gé èyí tó bá tún hù lọ́dọọdún kí òjìji túyà tó bò ó mọ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Pèrègún ni. Òmíràn wà lẹ́bàá kùkùté kejì, òmíràn lẹ́bàá ìkẹta, ó tò lọ gbọọrọ láti ojú ọ̀nà dé etí odò. Oòrùn tí túyà kò jẹ́ kó rí ti kàn án. Kànga wà nínú ilẹ̀ Kifayat, kedere.

Ògúndìran náà rí i. Àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dí i lọ́nà. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, Ògún ni wọ́n ń bọ nílé wọn. Igi Ògún sì ni pèrègún, kò tó bẹ́ẹ̀ kó fi irin kàn án. Ó dúró síbẹ̀ títí àwọn àgbà fi dé.

Bàbá Awódélé rin ààlà náà já. Ó bi wọ́n pé ta ló ṣí orí pèrègún yìí sílẹ̀ fún oòrùn. Ojú Kifayat lọ sí àdá ọwọ́ Ògúndìran. Ó ní ẹlẹ́rìí ti dé, Kifayat ló ni kànga.

Kifayat kò lè pa á mọ́ra, ó kọjú sí Ògúndìran. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Àdá yín ló gbà mí."

Ògúndìran wò ó. "Igi àlejò lèmi gé. Ìwọ lo gé ẹlẹ́rìí."

Inú bí Kifayat ju ọjọ́ tí wọ́n bẹ́ túyà lọ, nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Títí di òní, wọn kì í kíra. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kó tó kó òdòdó lọ sí Òkè Fíà, á fa omi nínú kànga, á bu ún sí ìdí pèrègún lọ́kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ mọ̀ pé tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn ni pèrègún ń tutù láìgba omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.