Àtẹ Oúnjẹ, Èènì àti Ẹsẹ̀ Mi Ọ̀tún

Àwọn ará ìdí ọkọ̀ ló kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe èmi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fa àwọ̀n gúnlẹ̀ ní Ajídò ni. Mo dúró sínú omi tó mù mí dé kókósẹ̀, mo ń pàṣẹ bí mo ṣe máa ń pàṣẹ, torí èmi ni mo ni ọkọ̀ méjì tó tóbi jù ní èbúté yẹn. Ẹni tó bá mọ Ajídò mọ̀ mí. Hùnsù tó ń bá mi ṣiṣẹ́ wolẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ẹsẹ̀ yín."

Ẹ̀gún ẹja àrọ̀ ti wọ abẹ́ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tó kéré jù, ó wọlé dé ìdí, ẹ̀jẹ̀ ń dà sómi. N kò mọ nǹkan kan lára. Mo fà á yọ lójú gbogbo wọn, mo ní, "Ṣé ẹ rí i? Irin ni wọ́n fi ṣe èmi." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo jókòó, mo fi èékánná họ ẹsẹ̀ náà, kò dùn mí. Mo fún ojú egbò náà, kò dùn mí. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Àgbà tí ẹ̀gún àrọ̀ bá gún máa ń ké bí ọmọdé, gbogbo apẹja ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí òùngbẹ ti ń gbẹ mí ṣáá, tí mo ń tọ̀ ṣáá, tí ó ń rẹ̀ mí kí n tó ṣe ohunkóhun. Oòrùn ni mo dá a lẹ́bi. Ìyá Sènámì, ìyàwó mi, sọ pé èèrà ń ṣù síbi tí mo ń tọ̀ sí lẹ́yìn ilé. Mo ní kó fi èèrà sílẹ̀, èèrà mọ ọkùnrin. Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìka náà wú tó sì ń rùn, òun ló gbé mi lọ sí ọsibítù ní Àgbádárìgì.

A jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí. Ìjókòó ọsibítù ń rẹ ènìyàn ju àwọ̀n fífà lọ. Wọn kò mọ̀ ọ́ níbẹ̀, wọn kò béèrè ọkọ̀ mélòó lo ní, nọ́ńbà ni wọ́n ń pè. Wọ́n gún mi níka, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n tún ní kí n lọ jókòó.

Dókítà ní àtọ̀gbẹ ni. N kò kàwé púpọ̀, n kò parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ohun tó bá yé mi, ó yé mi nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó bá kàn. Oúnjẹ tí a jẹ máa ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ara ń pèsè oje kan tí wọ́n ń pè ní ìnsúlíìnì, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà kó lè wọnú ẹran ara kó di agbára. Tèmi kò ṣílẹ̀kùn dáadáa mọ́. Ṣúgà wá ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ bí ọkọ̀ tí kò rí ibi gúnlẹ̀. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, á ba àwọn iṣan tí a fi ń mọ ìrora jẹ́, ẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí. Ìwọ tí nǹkan gún tí kò dùn ọ́, má ṣe yangàn. Àìsàn ni.

"Bàbá," dókítà náà wí, "bí ṣúgà yìí kò bá wálẹ̀, egbò yìí kò ní jinná. Bí kò bá jinná, a ó gé ẹsẹ̀ náà."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Èyí tí ẹ gbé sórí àga yìí."

Apẹja wo ló ń fi ẹsẹ̀ kan dúró nínú ọkọ̀?

Wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n sì fún mi ní ìwé ohun tí mo lè jẹ. Èso òyìnbó ló kún inú rẹ̀. Sènámì, ọmọbìnrin mi tó kọ́ nípa oúnjẹ nílé ìwé gíga, ju ìwé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àtẹ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, orúkọ oúnjẹ etíkun wa ni wọ́n tò síbẹ̀: ẹ̀kọ, gàrí, àgbọn, akàn, ẹja yíyan. O máa rí i níbẹ̀ bí afáralókun, èyí tó ń di ṣúgà, ṣe pọ̀ tó nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀rá àti iyọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ilé ìwòsàn ń mú un lò, olùkọ́ ń mú un lò, àwọn ará Àjàṣẹ́ lódìkejì ibodè náà ń mú un lò. Àwọn onímọ̀ ló ń yẹ inú oúnjẹ wò. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò máa wọ̀n bí oúnjẹ ṣe ń tóbi tó lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Ta ló mọ oúnjẹ Ajídò jù mí lọ? Mo gba ìwọ̀n lọ́wọ́ Sènámì. Láti ọjọ́ náà ni àtẹ yẹn ti ní ọkùnrin nídìí.

Mo ń jẹun bí àtẹ ṣe wí. Ẹ̀kọ kan láàárọ̀, ẹja, ẹ̀fọ́. Mo ń gun ọ̀kadà lọ sí Àgbádárìgì fún ìtọ́jú egbò, mo ń jókòó, mo ń padà. Ṣúgà kò wálẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ náà dúdú, ẹran rẹ̀ kú, wọ́n gé e. Mo rí i nínú àwo kékeré kan, ó dà bí nǹkan tí kò jẹ́ tẹni kankan. Dókítà ní bó bá tẹ̀ síwájú báyìí, òun ò ní dúró síbi ìka.

Sènámì bá mi jókòó. "Bàbá, ẹ ń jẹ nǹkan mìíràn."

"Ṣé òpùrọ́ ni mí?"

"Èmi kọ́ ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yín ni."

Inú bí mi. Mo ní kó tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́kọ, kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ìyá Àbẹ̀ní ni ẹlẹ́kọ náà. Ó kí mi kó tó kí ẹnikẹ́ni, bó ṣe yẹ. "Bàbá ọlọ́kọ̀, ẹ káàárọ̀. Mélòó?"

"Ọ̀kan."

Ó mú ẹ̀kọ kan fún mi. Ó tún mú òmíràn lé e, ó da àkàrà sórí rẹ̀.

Sènámì ní, "Kí ni èyí tó kù yẹn?"

"Èènì ni."

"Ẹ sì ń jẹ ẹ́?"

"Ta ní í gba èènì dànù? Ohun tí mo rà ni oúnjẹ mi."

Ìyá Àbẹ̀ní dá sí i, Ègùn ló fi sọ ọ́, ó sì le ju bí mo ṣe kọ ọ́ yìí lọ: "Ọmọ, ṣé ẹ̀kọ kan ṣoṣo ni n ó gbé fún ẹni ńlá bíi bàbá ẹ? Kí wọ́n lè máa sọ pé ahun ni mí?"

A gbé gbogbo rẹ̀ lọ sílé, Sènámì gbé e lé ìwọ̀n. Èènì náà wúwo ju ohun tí mo rà lọ. N kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó ń ka èènì mọ́ oúnjẹ níbí, láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò sì sẹ́ni tí èènì rẹ̀ tó tèmi ní Ajídò, ẹ lọ béèrè. Iyì ni. Iyì yẹn ló ń jẹ mí lẹ́sẹ̀.

A kì í kọ èènì, ìwọ̀sí ni. Mo padà lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àbẹ̀ní, mo ní kó máa fi ẹ̀fọ́ ṣe èènì mi.

"Ẹ̀fọ́?" Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Bàbá ọlọ́kọ̀ ti di ewúrẹ́ nìyẹn." Ṣùgbọ́n ó ń bù ú, ó sì ń bù ú kún.

Ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀. Mo ní kí Sènámì fi èènì sínú àtẹ. Àwọn ará Àjàṣẹ́ kò béèrè àlàyé, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan láti Èkó kọ̀wé pé ká yọ ọ́, pé nǹkan tí kò ní ìwọ̀n kan pàtó kì í wọ inú àtẹ. Sènámì fẹ́ gbà fún un. Mo ní ẹni tó bá yọ ọ́, kó wá gé ẹsẹ̀ mi tán. Sènámì wá kọ èènì tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ fún oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ó sì fi í síbẹ̀.

Iṣẹ́ náà kì í tán. Bí àgbàdo bá ti wọ́n, ẹ̀kọ á kéré, n ó tún lọ wọ̀n ọ́n. Ẹlẹ́kọ mìíràn á yí ewé tó fi ń dì í padà, ìwọ̀n rẹ̀ á yàtọ̀, n ó tún lọ. Àwọn èèyàn ń pè mí láti Ìméke, láti Kankọ̀n, wọ́n ń béèrè ti oúnjẹ tí n kò tíì dé ìdí rẹ̀. Ó ń rẹ̀ mí, n kò ní purọ́. Àmọ́ mo ń lọ.

Egbò náà gba àkókò. Wọ́n ń ha ẹran tó kú kúrò, èyí tó pupa ń hù díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, títí awọ fi bò ó. Wọ́n ní ìmọ̀lára ẹsẹ̀ lè má padà mọ́, kò sì tíì padà. Nítorí náà, láràárọ̀ kí n tó wọ bàtà, Ìyá Sènámì máa ń gbé ẹsẹ̀ mi lé itan rẹ̀, á wo abẹ́ rẹ̀ àti àárín àwọn ìka, á fi àǹkáṣì gbígbẹ nù ún. Ẹ̀yin tí ẹ ní àìsàn yìí, ẹ wá ẹni tí yóò máa wò ó fún yín. N kì í mọ ọwọ́ rẹ̀ lára. Mo kàn ń rí ọwọ́ náà níbẹ̀ ni, tó ń lọ tó ń bọ̀ lára ẹsẹ̀ tí wọn ò gé, mo sì ń dákẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí á sọ fún yín pé n kì í dákẹ́.