Èjìká Íńṣì Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí obìnrin yìí ti ń ránṣọ, kò fi téèpù kan ara oníbàárà rí. Bí o bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á gbójú sókè wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á ní kí o yí ẹ̀yìn padà, ó parí nìyẹn. Ìdí rèé tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ojú-Téèpù. Téèpù wà lọ́rùn rẹ̀ ṣá o, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ó fẹ́ràn ìnagijẹ náà débi pé ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Àfi bí aṣọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í há àwọn èèyàn lára. Olùkọ́ kan ló kọ́kọ́ dá búláòsì padà pé kò kọjá èjìká òun. Ojú-Téèpù ní olùkọ́ ló sanra. Akọ̀wé kan tó tín-ín-rín dé, ó ní ti òun ń já bọ́ léjìká. Ojú-Téèpù ní akọ̀wé ló rù. Ó wá kan nọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ rẹ̀, obìnrin gbàgbàdù kan tó ní kó rán aṣọ iṣẹ́ mẹ́ta fún òun, tí ẹyọ kan ṣoṣo kò wọ̀ ọ́ nínú wọn. Èèyàn kì í sì purọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ó tẹ́ aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì, ó gbé ti olùkọ́ àti ti akọ̀wé lé wọn, ó yọ téèpù lọ́rùn aránṣọ, ó sì ń wọ̀n wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn. Èjìká mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àyà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ìbàdí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

"Ta ló ni ìwọ̀n yìí?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

Ojú-Téèpù fìdí lé àga. Ọmọ rẹ̀ ló ni ín.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin sì ni. Nígbà tí ọmọ náà di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó ní òun ò fẹ́ ránṣọ, òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ iná ní ìlú mìíràn. Ìyá tó ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ kejì sílẹ̀ dè é gbaná jẹ. Ó ní, "Bó o bá fẹsẹ̀ kan jáde nílé yìí, má fi ìkejì wọlé mọ́." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọmọ gbé báàgì, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, Ojú-Téèpù wá téèpù rẹ̀ títí, kò rí i, ó ra òmíràn.

Ọdún kẹsàn-án rèé. Nọ́ńbà fóònù ọmọ náà wà lórí ìwé kan nínú agolo bọ́tìnnì, ẹ̀gbọ́n Ojú-Téèpù ló bá a gbà á. Kò sí ọjọ́ tí kì í ṣí agolo náà. Á rí ìwé yẹn, á mú bọ́tìnnì, á dé e padà. Àárò ọmọ rẹ̀ ń sọ ọ́ débi pé ó máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá pè é, ọmọ lè dá ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn padà fún òun gẹ́lẹ́ bí òun ṣe sọ ọ́.

"Agbaninímọ̀ràn tuntun kan ti dé sílé ìwòsàn wa," ni nọ́ọ̀sì wí. "Lọ rí i."

"Ṣé orí mi ló dàrú ni?"

"Orí ẹ pé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, òun ni mò ń sọ."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ojú-Téèpù wọ aṣọ rẹ̀ tó dáa jù, torí ẹni tí wọ́n máa bá wí, ó yẹ kó múra dáadáa. Ohun tó ń retí ni àgbàlagbà onígíláàsì kan tó máa sọ fún un pé ṣe báyìí, má ṣe bọ́hùn-ún. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ló bá níbẹ̀, nínú bàtà pẹlẹbẹ. Kó tó kó ojú rẹ̀ níjàánu, ojú ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀: èjìká mẹ́rìndínlógún. Àga méjì tó ga dọ́gba ló wà nínú yàrá náà, pẹ̀lú aago kan àti páálí tíṣù. Ó wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá òun á rí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Àádọ́ta ìṣẹ́jú la ní," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ohun tẹ́ ẹ bá sọ níbí, mi ò ní sọ ọ́ síta, àfi tí mo bá rí i pé ẹ fẹ́ ṣe ara yín tàbí ẹlòmíì léṣe. Ẹ ò ní láti sọ gbogbo ẹ̀ lónìí. Bí mo bá béèrè ohun tẹ́ ò fẹ́ dáhùn, ẹ ní kí n fi í sílẹ̀, màá fi í sílẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí ara yín wúwo bẹ́ ẹ bá délé ju bẹ́ ẹ ṣe wá lọ. Kò túmọ̀ sí pé nǹkan bàjẹ́."

"Mo ti gbọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí n máa lọ."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ̀ yín ná, Mà. Kí lẹ fẹ́ kó yàtọ̀?"

"Mo fẹ́ kí aṣọ tí mò ń rán máa wọ àwọn tó ni ín."

Ọmọbìnrin náà mi orí, ó dákẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà tó bá dákẹ́, aṣọ ni kò wù ú. Ojú-Téèpù ò lè gbà á mọ́ra. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ti aṣọ nọ́ọ̀sì, ó sọ ti ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà, ó sọ ti agolo bọ́tìnnì.

"Ẹ sọ nípa ọmọ yín fún mi."

"Èjìká, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àyà, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ìbàdí, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Apá òsì fi díẹ̀ gùn ju tọ̀tún lọ." Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ojú tì í. Ta ló ń ròyìn ọmọ báyìí?

Agbaninímọ̀ràn ò rẹ́rìn-ín. "Ìgbà wo lẹ wọ̀n ọ́n, Mà?"

"Ọ̀sẹ̀ tó lọ."

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí?"

"Rárá. Ọ̀sẹ̀ tó kúrò nílé."

"Ó ti tó ọmọ ọdún mélòó báyìí?"

"Méjìdínlọ́gbọ̀n."

Ojú-Téèpù la ẹnu, kò lè pa á dé. Obìnrin tó ti ń gun àkàbà, tó ń ru wáyà láti ọdún mẹ́sàn-án, ta ní sọ pé èjìká rẹ̀ á ṣì wà ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Bí ọmọ náà bá wọlé wá lónìí, aṣọ tí ìyá rẹ̀ máa rán fún un kò ní kọjá ọrùn rẹ̀. Òun tó mọ ìwọ̀n gbogbo àdúgbò kò mọ ìwọ̀n ọmọ òun. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Agbaninímọ̀ràn sún tíṣù sọ́dọ̀ rẹ̀, kò ní kó panu mọ́.

Nígbà tí àkókò pé, ó dìde. "Ṣé kí n pè é?"

"Kí ni inú yín ń sọ?"

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ pè é o, ẹ ò pè é o, ẹ wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. A ó jọ wò ó."

Ojú-Téèpù kùn délé. Ẹni tí wọ́n pè ní agbaninímọ̀ràn, kò gba òun nímọ̀ràn kankan! Ara rẹ̀ sì wúwo lóòótọ́, bí ọmọ yẹn ṣe sọ. Ó ṣí agolo, ó yọ ìwé, kò sì dé e padà. Ó tẹ nọ́ńbà.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Ta nìyẹn?"

Ohùn náà ti nípọn sí i. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó ti ń tò pọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án sá lọ. Iṣẹ́ nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi ni. Màmá ẹ. Mo ní kí n béèrè ni... èjìká ẹ, ó ti di mélòó báyìí?"

Kò sí ìdáhùn. Láàárọ̀, ì bá ti fọ̀rọ̀ dí àlàfo yẹn tàbí kó pa fóònù. Ó jókòó, ó dúró dè é. Ó ń gbọ́ tí ẹnì kan ń fa imú lọ́hùn-ún.

"Màmá, ẹ má pa fóònù o," ni ọmọ náà wí. "Ẹ jẹ́ kí n lọ mú téèpù yín."