Tọ́ọ̀ṣì Tí A Rán Ẹ̀wù Mẹ́rin Fún

Ìyá ọ̀rẹ́kùnrin mi kì í gbé ohun pupa tàbí dúdú wọ ilé ìjọsìn. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ ní Ìbà, ìjọ náà kò sì fẹ́ rí àwọ̀ méjèèjì yẹn rárá. Bẹ́ẹ̀, tọ́ọ̀ṣì pupa ni wọ́n ní. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n máa ń fi rìn lọ lálẹ́, nítorí ẹni tó bá ti wọ aṣọ àdúrà kì í wọ bàtà, ọ̀nà wọn sì kún fún ẹrẹ̀ àti ìgò fífọ́. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọgbà, wọ́n á fi tọ́ọ̀ṣì náà pamọ́ sábẹ́ ewé kókò, wọ́n á wọlé lọ kọrin. Kí wọ́n tó jáde, tọ́ọ̀ṣì á ti bá ẹlòmíràn lọ.

Wọ́n ra òmíràn, dúdú ni. Ìyẹn náà lọ. Ìgbà yẹn ni ọmọ wọn ní òun á ṣe tọ́ọ̀ṣì fún wọn fúnra òun. Rédíò ló ń tún ṣe ní Òkókómàíkò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kò sì sí ohun tí kò lè tú palẹ̀. Títún un tò padà ni mo máa ń bá a bẹ Ọlọ́run fún.

Aránṣọ ni èmi, ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi obìnrin ní Igbó-Elérin. Ọmọ mùsùlùmí ni mí, apá Ọ̀yọ́ ni àwọn òbí mi ti wá tajà. Mo fẹ́ràn ọmọkùnrin yìí débi pé bí rédíò ẹnikẹ́ni bá bàjẹ́ ládùúgbò, inú mi á dùn, torí màá rí ohun gbé lọ bá a. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sì sọ pé rárá. Ọmọ ìjọ wọn ni wọ́n ń fẹ́ fún un. Òun náà ti búra pé ẹnikẹ́ni kò ní lọ tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi àfi tí ìyá òun bá ṣíwájú. Nítorí náà, nígbà tó dárúkọ tọ́ọ̀ṣì, mo rí ọ̀nà.

"Màá rán aṣọ fún un," mo ní.

"Fún ta?"

"Fún tọ́ọ̀ṣì náà. Funfun fún ìjọ, àdìrẹ fún ọjà, léèsì fún ìnáwó. Tí èyí tó wà lọ́rùn ẹ̀ bá dọ̀tí, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á wọ òmíràn fún un."

Ó wò mí títí. "Orí ẹ pé ṣá?"

"Kò pé. Ṣé wàá ṣe é?"

"Èmi náà tèmi ò kúkú pé," ló wí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá páìpù.

Páìpù omi ló gé, ìwọ̀n tí bátìrì mẹ́ta lè tò sí nínú. Ojú iná kẹ̀kẹ́ kan tó ti bàjẹ́ ló fi ṣe ojú rẹ̀, súwíìṣì rẹ̀ wá láti inú rédíò tí olówó rẹ̀ kò padà wá gbé. Sípíríǹgì ló yọ wá lẹ́nu. Ti bírò kò lágbára, ti mátírẹ́ẹ̀sì sì lágbára jù: ó ta bátìrì jáde, bátìrì náà fò kọjá lórí wa, ó lọ bá ìyá oníbúrẹ́dì tó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù. A bẹ̀ wọ́n, a tún ra búrẹ́dì, a sì fi ẹ̀rín jẹ ẹ́. Níkẹyìn ó gé ti mátírẹ́ẹ̀sì sí méjì, ó sì bọ́ sí i.

Ọ̀sán gangan ló gbé e wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. A fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ́lẹ̀ dáadáa, oòrùn kò sì jẹ́ ká mọ̀. Ni àwa méjèèjì bá wọ abẹ́ tábìlì tí a fi ń gé aṣọ, a fa aṣọ áńkárá bo gbogbo rẹ̀. Ó tẹ súwíìṣì. Iná tàn sí imú rẹ̀, mo sì rí gbogbo eyín rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a rẹ́rìn-ín títí tábìlì fi ń mì, àfi bí ọ̀gá mi ṣe gbé etí áńkárá sókè.

"Kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Iná ni mà," mo ní.

"Mo rí i pé ó ti ń jó yín," wọ́n ní, wọ́n sì padà sídìí máṣíìnì wọn.

Lẹ́yìn èyí ló kan èmi. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì náà dúró, mo sì wọ̀n ọ́n bí mo ṣe ń wọn oníbàárà: ọrùn, àyà, gígùn. Mo ní kò ní ìdí, ó ní ó jọ ẹnìkan tí òun mọ̀, mo fi rúlà lé e jáde. Àgékù aṣọ kún abẹ́ máṣíìnì wa, ẹ̀wù mẹ́rin sì ni mo rán: funfun, àdìrẹ, áńkárá, àti léèsì aláwọ̀ ewé kan tí ó ṣẹ́kù lára aṣọ ìyàwó ọmọ ogun ojú omi kan ní Navy Town. Mo so bọ́tìnnì sí ìdí wọn, mo fi ojú wọn sílẹ̀ kí iná lè ríbi jáde. Bọ́tìnnì náà kéré bí irúgbìn, síbẹ̀ mo rán ihò wọn lọ́wọ́. Inú mi dùn sí wọn ju aṣọ ọdún mi lọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ nìkan lè ṣe. Ọ̀gá mi ti kọ́ mi pé aṣọ kì í fún mọ́ ènìyàn pinpin. Wọ́n ní kí n máa fi àyè ìka méjì sílẹ̀, torí oníbàárà á jẹun, á sanra, á sì fẹ́ kí n tú u. Mo fi àyè ìka méjì sílẹ̀ nínú aṣọ tọ́ọ̀ṣì. Mi ò bi ara mi léèrè ìgbà tí páìpù máa sanra.

Ọ̀rẹ́kùnrin mi náà ní àṣìṣe tiẹ̀. Páìpù náà ń yọ̀ lọ́wọ́, ló bá fi téèpù tí wọ́n fi ń dì wáyà wé e láti òkè délẹ̀. Dúdú ni téèpù yẹn. Ó ní kò sẹ́ni tó máa rí i, ṣebí aṣọ á bò ó.

Ìyá gbà á tayọ̀tayọ̀. Wọ́n wọ gbogbo ẹ̀wù náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé e sókè wò bí ọmọ tuntun. Wọ́n ní kí n bá àwọn lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa ní kí n bá àwọn lọ síbì kankan. Mo wé gèlè funfun, mo bọ́ bàtà, mo jókòó láàárín àwọn obìnrin.

Àárín orin ni iná lọ. Ìyá, tí wọ́n jẹ́ aṣíwájú àwọn obìnrin, kò dákẹ́. Wọ́n fa tọ́ọ̀ṣì yọ, tòun ti ẹ̀wù rẹ̀ funfun báláú, wọ́n tàn án, wọ́n sì dorí rẹ̀ kodò kí ó lè mọ́lẹ̀ sí ìwé orin. Bí wọ́n ṣe dorí rẹ̀ kodò báyìí, ó yọ bọ́rọ́ láti inú àyè ìka méjì tí mo fi sílẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ gbì. Ẹ̀wù rẹ̀ ṣẹ́kù sí Ìyá lọ́wọ́. Tọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ń yí gbirigbiri lọ sọ́nà pẹpẹ, ní ìhòòhò, dúdú bí ìdí ìkòkò, iná rẹ̀ sì ń mú ẹsẹ̀ gbogbo ìjọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe ń yí. Orin dá.

"Nǹkan dúdú kan wọlé o," ohùn ọkùnrin kan wí.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mi ò ní aṣọ mìíràn, ni mo bá tú gèlè orí mi, mo sá lọ, mo fi wé tọ́ọ̀ṣì náà mọ́ra. Ìgbà tí mo gbé e dìde tán ni mo tó rántí pé obìnrin kì í ṣí orí sílẹ̀ níbẹ̀. Irun mi rèé, tí mo ti tú dídì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà tí n kò tíì dì í padà. Ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ìyá rìn wá. Wọ́n wò mí, wọ́n wo tọ́ọ̀ṣì nínú gèlè mi. Wọ́n wá gbé ẹ̀wù tọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n tẹ́ ẹ lé mi ní àárín orí, wọ́n sì tún gbé orin sókè láti ibi tó ti dá. Ẹ̀wù náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọwọ́ ni mo fi dì í mú títí ìsìn fi parí. Ẹ̀rín ń gbọ̀n mí tẹkúntẹkún. Mo gbójú sókè wo apá ọkùnrin, mo rí olólùfẹ́ mi tó fi ìwé orin bojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

Níta ni a ti ń bá ara wa jà wúyẹ́wúyẹ́. Mo ní téèpù rẹ̀ ni, ó ní àyè mi ni. Ìyá gba àárín wa kọjá. Wọ́n ṣíwájú wa délé, wọn kò bojú wẹ̀yìn, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ti parí. Mo sunkún sórí máṣíìnì mi ní ọjọ́ kejì, mo sì ń rẹ́rìn-ín láàárín rẹ̀, débi tí ọ̀gá mi fi bi mí bóyá ibà ni.

Ọjọ́ kẹta ni Ìyá wọ ṣọ́ọ̀bù wa, aṣọ funfun tuntun nínú náílọ́ọ̀nù lápá wọn. Ọ̀gá mi dìde pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n," Ìyá ní. "Ọmọ yìí ni mo bá wá. Aṣọ àdúrà mi ni."

Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, ìkúnlẹ̀ kò ní jẹ́ kí n wọn àwọn dọ́gba.

"Má fi àyè sílẹ̀ o," wọ́n ní. "Mi ò fẹ́ yọ jáde níwájú pẹpẹ."

Ọ̀gá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo gba téèpù. Kí a tó lè wọn àyà ènìyàn, a ní láti na apá méjèèjì yí i ká, mo sì na tèmi yí wọn ká. Mi ò tíì sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ rí. Òórùn ọṣẹ àti àbẹ́là ń ta lára wọn. Mo ń retí kí wọ́n ta kété, wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀.

"O ṣí orí ẹ nítorí mi," wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí mi létí. "Sọ fún bàbá ẹ pé a ń bọ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mo gbàgbé iye tí téèpù sọ. Mo tún ní láti na apá yí wọn ká.