Ohun Tí Ẹja Àrọ̀ Sọ fún Onílé

Ibi tí ẹja àrọ̀ ti la ẹnu pé òun fẹ́ fún onílé lésì gan-an ni ẹnu tèmi ti kọṣẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Mo jókòó sí páálọ̀ wa ní Òkè-Àfà, mo fi agolo mílíìkì ti fóònù lẹ́yìn kó má bàa ṣubú. Bọ́sẹ̀, àkọ́bí mi, wà nínú fóònù láti Kánádà, Fèyí ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje, sì jókòó lé e lẹ́sẹ̀. Ìyàwó mi, Ìyá Bọ́sẹ̀, ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sí ọjọ́ Àìkú tí a kì í ṣe fídíò kọ́ọ̀lù yìí, iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ kò sì ju kí n pa irọ́ fún Fèyí.

Irọ́ ọjọ́ yẹn dùn. Mo ní lọ́dún kan tí òjò rọ̀ tí omi wọ gbogbo ilé, ẹja àrọ̀ kan tó tóbi tó ọ̀kadà wọ yàrá mi, ó gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìrọ̀rí mi rọrí. Nígbà tí omi fà, ẹja ò bá omi lọ. Onílé gbé igi wá. Ó ní, "Ìwọ ẹja yìí, àwọn ẹgbẹ́ ẹ ti lọ, kí lo dúró ṣe?" Ẹja fi irùngbọ̀n rẹ̀ nu ẹnu, ó wo onílé láti òkè délẹ̀, ó ní...

Ọ̀rọ̀ tí ẹja sọ wà lọ́kàn mi kedere. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde dà bí ohùn ẹni tó fi ẹ̀kọ gbígbóná sẹ́nu. Mo tún un sọ, ó tún burú sí i. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mo fi ọwọ́ òsì gbá fóònù lẹ́yìn.

Àwọn èèyàn mi bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ̀ mí: bí mo bá ń sọ ìtàn ewúrẹ́, mo máa ń ké bí ewúrẹ́. Wọ́n rò pé mo ti di ẹja. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní, "Ẹ wo ẹnu bàbá yìí, irùngbọ̀n ẹja ló kù kó hù!" Bọ́sẹ̀ yọ jígí ojú, ó ń nu omijé ẹ̀rín. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: rọpárọsẹ̀ ń gbé mi lọ, ìdílé mi ń pàtẹ́wọ́ fún un. Mi ò bá wọn wí. Èrè ẹni tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣe awàdà nìyẹn.

Fèyí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ fóònù títí imú rẹ̀ fi kún gbogbo ojú fóònù. "Bàbá Àgbà, apá ibí yìí ò rẹ́rìn-ín." Ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀rín kú lójú Bọ́sẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. "Bàbá mi, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè." Òsì lọ sókè. Ọ̀tún wà lórí itan mi bí ẹrù tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀.

"Mọ́mì, wọn ò ṣeré! Ọsípítù, kíá! Kí lẹ gbé dání yẹn?"

"Omi ni, kí wọ́n fi..."

"Ẹ gbé omi yẹn sílẹ̀! Ẹ má fi nǹkan kan sí wọn lẹ́nu!"

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, nǹkan mẹ́ta tí wọ́n wò lára mi nìyẹn: ẹ̀rín tó fì sápá kan, ọwọ́ tó kọ̀ tí kò gbéra, ọ̀rọ̀ tó lọ́. Ẹ má ṣe dúró pé bóyá á lọ fúnra ẹ̀. Ẹ má sì fi omi tàbí epo sí aláìsàn lẹ́nu, torí ọ̀fun lè ti gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀, kí omi gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tí mo bá sọ nípa ẹja, ẹ yọ ìdajì kúrò. Ohun tí mo bá sọ nípa àìsàn yìí, ẹ má yọ nǹkan kan.

Kẹ̀kẹ́ màrúwá la wọ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ fi apá kan gbá mi mọ́ra, ó fi ọwọ́ kejì di fóònù mú, Bọ́sẹ̀ sì ń pariwo láti Kánádà: "Ọ̀gá onímàrúwá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́!" Ọkùnrin náà dáhùn láìwẹ̀yìn: "Àǹtí, bí mo bá tún tẹ̀ ẹ́ jù báyìí lọ, ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún la máa já sí." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Itọ́ ló jáde.

Dókítà ṣàlàyé fún ìyàwó mi, èmi náà ń gbọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Ẹnu ló lọ, etí ò lọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan kan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò sì dé mọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí apá ọ̀tún ara, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó yé mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe nílé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀ kí wọ́n tó tì í pa. Bí òwú kan bá já nínú ẹ̀rọ, kì í ṣe ibi tó já lẹ máa kọ́kọ́ rí. Aṣọ tó wọ́ lẹ máa rí.

Ó béèrè bóyá mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ní in. Wọ́n fún mi lóògùn rẹ̀, mo lò ó, ara mi le, mo bá dá a dúró. Mo ní kí ni mo ń gbé oògùn mì sí nígbà tí nǹkan kan ò ṣe mí? Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkeje sá fún mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe àìkàwé ló ṣe èyí. Agídí ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, ìyẹn ni ẹ̀tàn ẹ̀.

A dúró pẹ́ kí wọ́n tó ya àwòrán orí mi. Bẹ́ǹṣì gígùn kan ni, fáànù kan ń yí lókè bí ẹni tí wọ́n bẹ̀. Wọ́n tì mí sínú ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń ti búrẹ́dì sínú ààrò. Lẹ́yìn náà nọ́ọ̀sì fi ṣíbí bu omi díẹ̀ sí mi lẹ́nu láti dán ọ̀fun wò. Mo húkọ́ títí omi fi jáde nímú. Wọ́n bá ki ọ̀pá rọ́bà wẹ́wẹ́ gba imú mi lọ sí ikùn, ibẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà. Mo ń tọ̀ sára. Èjìká ọ̀tún ń ro mí bíi kí wọ́n fi ọbẹ yọ ọ́ sọnù. Èyí tó sì dójú tì mí jù ni ẹkún: màá ṣáà bú sẹ́kún láìnídìí. Dókítà ní àìsàn yìí máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Rábíù, dé láti Ìkirun. Ó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, ó gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó fi gèlè dì í.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rí i báyìí. A kì í gbé ojú aláìsàn síta. Ọ̀tá á yọ̀, ọ̀rẹ́ á sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ ńkọ́?" ni ìyàwó mi wí.

"Kí wọ́n máa gbọ́ ohùn rẹ. Ohùn tó."

Báyìí ni wọ́n ṣe sọ fún gbogbo ẹbí, yàtọ̀ sí Bọ́sẹ̀ tó ti mọ̀, pé mo wà nílé, ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀. Wọ́n gbé mi dé Òkè-Àfà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti yọ rọ́bà, mo ń mu ògì tó ki díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tẹ́ mi sí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ta kọ́tìnnì. Ọjọ́ Àìkú dé, mo gbọ́ tí wọ́n ń kí ara wọn ní páálọ̀, wọ́n ti pa fídíò. Ọjọ́ Àìkú kejì, bákan náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ọ̀rọ̀ Ìyá Rábíù ti wọ̀ mí lára. Èmi náà ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi. Mo dojú kọ ògiri.

Ọjọ́ Àìkú kẹta ni mo gbọ́ ohùn Fèyí gba abẹ́ kọ́tìnnì wọlé.

"Grandma, ẹ sọ òótọ́. Bàbá Àgbà ti kú, àbí?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Wọ́n ń sùn ni."

"Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sùn. Mọ́mì ń sunkún ní kíṣìnnì."

Mo ti rí ikú fínrín láwọn ọ̀sẹ̀ yẹn, kò bà mí lẹ́rù tó ohùn ọmọ yẹn. Kí wọ́n máa fi mí pamọ́ kí n má bàa kú, kí n sì ti kú lójú ọmọ tó gbà mí là? Láéláé! Mo fi ọwọ́ òsì fa ara mi dé etí bẹ́ẹ̀dì, mo ṣubú lulẹ̀ gbàà. Mo fi ìdí wọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Kọ́tìnnì já lé mi lórí. Bí mo ṣe dé páálọ̀ nìyẹn, mo ró kọ́tìnnì bí ọba.

Ìyá Rábíù fò dìde. "Padà! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n rí ọ ni?"

Mo na ọwọ́ òsì sí fóònù. Òun ló mú un dání, kò sì gbé e wá. Mo na ọwọ́ náà bẹ́ẹ̀, mi ò sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹni tí kò jiyàn pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi rí, gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ ibi tí fídíò wà, ó gbé e síwájú mi.

Fèyí wò mí. Mo wò ó. Mo yọ ahọ́n sí i, ahọ́n náà sì yà gba ọ̀nà tiẹ̀.

"Bàbá Àgbà, ojú yín ti wọ́ o!" Ó fi ọwọ́ fa ẹnu ara rẹ̀ sápá kan, ó yọ ahọ́n síta. "Ẹ wò ó, èmi náà!"

Mo fi ìdajì ẹnu rẹ́rìn-ín, òun náà fi ìdajì tiẹ̀. Lápapọ̀, ẹ̀rín kan gbáko ni.

Ìyá Rábíù kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta ó ní, "O ò gbọ́ràn láti kékeré," ó sì gbé ògì wá.

Àtìgbà yẹn la ti ń lọ sọ́dọ̀ físíò lójú ọ̀nà Àgọ́ Palace. Físíò ni àwọn tó ń kọ́ iṣan níṣẹ́ padà. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni tiwa, ṣùgbọ́n kò láàánú. Ó ní kí n máa jókòó síwájú dígí lójoojúmọ́, kí n máa fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí n máa súfèé, kí n máa pe ọ̀rọ̀ kéékèèké. Mi ò fẹ́ dígí. Dígí kì í dáni lóhùn. Ṣùgbọ́n ní igun fídíò kọ́ọ̀lù, àpótí kékeré kan wà tí ẹ ti máa rí ojú ara yín. Àtọjọ́ tí mo ti ń lò ó, mi ò wò ó rí, ojú ẹni tí mò ń parọ́ fún ni mo máa ń wò. Ibẹ̀ wá di dígí mi. Fèyí á ṣe ojú kan, èmi á gbìyànjú ẹ̀. Ó ń bú mi: "Ẹ ò ṣe é dáadáa! Lẹ́ẹ̀kan sí i!" Gbogbo ẹbí ń wọlé wá wò wá, àwọn ará Ìkirun náà. Bí ọ̀tá wà níbẹ̀, ó rí mi yó.

Oṣù ń gorí oṣù. Ọ̀rọ̀ ń padà bí ewúrẹ́ tó jẹ̀ lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá wù ú. Òmíràn ò tíì dé.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ṣì ń wọ́ nílẹ̀. Mi ò lè di bọ́tìnnì, ìyàwó mi ló ń dì í, ó sì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀, ara le tàbí kò le. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé èmi ni mo ni ara yìí. Ní báyìí mo ti mọ̀ pé a jọ ń gbé ni. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́ òsì, tí mo ti fojú tẹ́ńbẹ́lú láti kékeré, òun ló wọ́ mi dé páálọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún ọmọ ọdún méje lójú tó ń ríran jù ti àgbà lọ.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Fèyí káwọ́ gbera. Ó ní òun ò ṣeré ojú mọ́ o, kí ni ẹja sọ?

Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹja ti tóbi tó màrúwá báyìí. Omi fà. Onílé gbé igi wá. Ìyá Rábíù wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti na ọrùn. Ẹja wo onílé láti òkè délẹ̀. Mo wo igun fóònù, mo to ètè mi jọ.

"Ẹja ní: Mi. Ò. Lọ."

Ẹnì kankan ò pàtẹ́wọ́. Bọ́sẹ̀ bojú.

Fèyí rò ó wò. "Títí di ìgbà wo?"

Mo ní ẹja ò sọ ìyẹn.