Aago Ìlọrin àti Sátẹ́láìtì Alabar

Bí rédíò ńlá bàbá mi bá ti gbóná, eruku inú rẹ̀ a máa rùn bí àgbàdo tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Òórùn àárọ̀ Sátidé ní ilé wa ní Alabar, ní Kumasi, nìyẹn. Láìpẹ́, òórùn kóósè, ìyẹn àkàrà, tí ìyá mi ń dín lẹ́nu ọ̀nà yóò wọlé wá bá a. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Kumasi nígbà tiwa mọ̀ pé ìròyìn àti bọ́ọ̀lù ni àwọn bàbá yòókù ń gbọ́ nínú rédíò. Ìlera ohun kan tí kò fojú rí rí ni bàbá tèmi ń gbọ́.

Sátẹ́láìtì kékeré kan ni ohun náà. Àwọn ará Rọ́ṣíà ló fi í sókè fún àwọn tó ń fi rédíò ṣeré bíi bàbá mi, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Race Course ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Bó bá ń kọjá lórí wa, a ó gbọ́ ohùn tín-ín-rín bíi ti ẹyẹ, ọ̀kan gígùn, ọ̀kan kúkúrú, èyí tí wọ́n ń pè ní kóòdù Morse. Bàbá mi ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Màá kọ nọ́ńbà tó ń sọ sílẹ̀, a ó ṣírò díẹ̀, a ó sì mọ bí bátìrì rẹ̀ ṣe lágbára tó àti bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Ó parí. Ìyá mi ní òun ò rí irú èyí rí, ẹni tó yí gbogbo ayé ká tí kò mú ìròyìn ẹnikẹ́ni bọ̀ àfi ti ara rẹ̀.

Bàbá àgbà, tó bí bàbá mi, ń bá wa gbé. Kumasi ni wọ́n bí òun náà sí. Nígbà tí ìjọba Ghana ní kí àwọn àjèjì máa lọ sílé wọn, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Ìlọrin tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Nígbà tó padà dé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, aago Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi wákàtí kan ṣíwájú ti Ghana, ó sì búra pé òun ò ní yí i. "Ilé làbọ̀ sinmi oko," ni ó máa ń wí. "Bí wọ́n bá tún lé wa lọ́la, aago tèmi ti wà nílé ná." Ó ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán bá àwọn ará Ìlọrin, bó bá tún di wákàtí kan sí i, a tún jókòó bá wa jẹ ti Kumasi. Ẹni tó bá béèrè aago lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé wa yóò yọ wákàtí kan kúrò, yóò dúpẹ́, yóò sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹnu mi ló kó bá mi. Akosua, ọmọ àdúgbò Krofrom tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì, ní àwa Alatafo, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá ní Twi, kò mọ nǹkan kan ju ọjà títà lọ. Mo ní nílé tiwa, nǹkan kan ń sọ̀rọ̀ láti òkè, mo sì ń gbọ́ ọ. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Akosua ní òun ń bọ̀ wá gbọ́ ọ ní Sátidé, bí kò bá sọ̀rọ̀, Torofo, ìyẹn òpùrọ́, lorúkọ mi títí a ó fi jáde nílé ìwé. Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Ní ilé ìwé wa, orúkọ tí wọ́n bá sọ ọ́ kì í bọ́. Ọmọkùnrin kan wà tó da ẹ̀wà sára ní kíláàsì kìíní, Ẹ̀wà ló ń jẹ́ títí ó fi hu irùngbọ̀n. Nígbà tí mo ròyìn nílé, ìyá mi ní ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ.

Ìrìn àjò Accra wá bọ́ sí Sátidé náà fún bàbá mi. Kó tó lọ, ó gbé ọwọ́ rédíò sí ibi tó yẹ, ó ní kí ẹnikẹ́ni má yí i. Iná ti lọ, bátìrì mọ́tò ló so mọ́ ọn, nítorí náà n kò gbọdọ̀ tàn án títí aago mẹ́wàá tí sátẹ́láìtì máa kọjá. Aago ọwọ́ rẹ̀ bá a lọ, ti ara ògiri ti kú tipẹ́. Ó wá ku ti Bàbá àgbà nìkan. N kò tilẹ̀ dààmú. Bí tirẹ̀ bá ti lu mọ́kànlá, mẹ́wàá dé nìyẹn.

Àwọn ọmọbìnrin bíi márùn-ún ló tẹ̀lé Akosua wá. A ń fò sókè nínú àgbàlá, à ń ṣeré ampe, màá sì sáré lọ wo ọwọ́ Bàbá àgbà lábẹ́ igi. Ó máa ń na ọwọ́ náà sí mi kí n tó béèrè, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rò pé inú rẹ̀ dùn sí àlejò ni.

Nígbà tó lu mọ́kànlá, mo kó wọn wọlé, mo tan rédíò. Eruku gbóná, ó rùn, rédíò ń hó ṣììì. Kò sí ẹyẹ, kò sí nǹkan kan. A dúró títí. Akosua bẹ̀rẹ̀ sí pe Torofo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọn yòókù ń pàtẹ́wọ́ sí i bí ìgbà tí a ń ṣe ampe. Mo sáré jáde bá Bàbá àgbà, mo ní ṣé kì í ṣe mọ́kànlá Ìlọrin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

"Mo ti yí i sí ti Kumasi láàárọ̀," ni ó wí. "Mo ní kí ojú má baà tì ọ́ níwájú àwọn ọmọ onílẹ̀."

Kò mọ̀ pé yíyọ wákàtí kan ti mọ́ wa lára débi pé a kì í rò ó mọ́. Sátẹ́láìtì ti kọjá lórí wa níbi tí a ti ń fò sókè. Mo bú sẹ́kún. Ìyá mi kò kúrò nídìí epo tó gbóná, ó ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí pé nǹkan ọ̀hún kì í jókòó, kì í tó wákàtí méjì tó fi ń yí ayé po. Yóò tún kọjá kí ọ̀sán tó pọ́n, ọ̀nà jíjìn ni yóò gbà, ohùn rẹ̀ kò sì ní le, ṣùgbọ́n yóò kọjá. Ohun tó kù ni ká má jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí lọ.

Bàbá àgbà ní kí ìyá mi má ta kóósè yòókù, kó gbé e wá. Ó jókòó sáàárín àwọn ọmọ náà, ó ń sọ Twi sí wọn. Ẹni tó gbọ́ Twi ju ìyá ẹlòmíràn nínú wọn lọ, ó mọ̀ọ́mọ̀ ń bà á jẹ́, ó ń pe adìyẹ ní aṣọ, ó ń pe aṣọ ní àna rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbàgbé ilé.

Ó sì dé. Ohùn náà fẹ́lẹ́, bí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri, ṣùgbọ́n òun ni. Mo ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ lójú wọn, mo ní bátìrì rẹ̀ lágbára, ara rẹ̀ gbóná díẹ̀. Akosua ní ṣé gbogbo ohun tó mú bọ̀ látòkè náà nìyẹn. Bàbá àgbà wá sọ Twi tó já gaara, ó ní, "Wo ho te sɛn?" ìyẹn, báwo ni ara rẹ? Akosua dáhùn pé ara òun le. Bàbá àgbà ní ohun tí sátẹ́láìtì náà sọ nìyẹn, wọ́n kí i, ó dáhùn. Akosua rò ó, ó wá dá ẹjọ́ pé n kì í ṣe Torofo, ṣùgbọ́n Alata, ọmọ Yorùbá, ni sátẹ́láìtì náà, torí pé kò dé títí oúnjẹ fi tán, bí oníṣòwò tí kì í wálé títí ọjà rẹ̀ fi tán. Mo gba ẹjọ́ náà tayọ̀tayọ̀.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá àgbà yí aago rẹ̀ padà sí ti Ìlọrin. Ó ní òun lo ti Kumasi lọ́jọ́ kan péré, ó fẹ́ ba ọmọ òun lórúkọ jẹ́. A rẹ́rìn-ín, tèmi ló pọ̀ jù.

Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín yẹn rò pé aago lásán ni. Mo ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún báyìí, mo sì mọ̀ pé ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú tí wọ́n bí i sí ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbà, fún àárọ̀ ọjọ́ kan, pé ará ibẹ̀ lòun, kí ọmọ Krofrom kan má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí n kò bá sunkún lọ bá a, kò ní sọ ọ́ fún mi láéláé. Èmi rèé, bí mo bá ra bàtà fún ọmọ mi, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́.