Àwòrán Ọmọ́ladùn àti Dígí Tó Kọjú sí Ògiri

Òórùn àdí àti káńfọ̀ ló kún yàrá ìyàwó mi ní Erijiyan, ó sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú. Mo máa ń jókòó sétí ibùsùn láàárọ̀ kí n tó mu ẹ̀kọ, kí n kàn máa mí. Yàrá yìí gan-an ni Fúnmiláyọ̀, àbígbẹ̀yìn wa tó ń ya fọ́tò ní Èkó, kó pírintà àti ike oògùn fọ́tò wọ̀. Ó ní kí n bọ́ síta, nítorí pé fèrèsé rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, òkùnkùn ni òun sì ń wá. Ọ̀rẹ́ mi, inú bí mi. Mo bọ́ síta.

Fọ́tò ìgbéyàwó wa tó wà ní pálọ̀ ló fà á. Ó ti ṣá débi pé Ọmọ́ladùn ìyàwó mi ti di aṣọ tí kò lójú. Èmi náà sì ti ń darúgbó. Àárọ̀ mìíràn wà tí mo máa wá ojú rẹ̀ nínú orí mi, tí n kò ní rí ju gèlè lọ. Fúnmiláyọ̀ ní òun yóò fi oògùn kan tí wọ́n ń pè ní paládíọ́mù, tó dà bí àbúrò wúrà, tẹ ojú ìyá òun sórí pépà, tí oòrùn kò ní lè pa á. Ó ní, "Bàbá, àwọn ọmọ ọmọ yín yóò bá a bẹ́ẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe gbà. Mo tilẹ̀ kan férémù onígíláàsì tó fẹ́ fi sá a sóòrùn, torí iṣẹ́ káfíńtà kò tíì kúrò lọ́wọ́ mi.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Fọ́tò ìyá rẹ̀ wà nínú fóònù, èyí tó yà nígbà tí a lọ kí àna wa ní Ilogbo. Kọ̀ǹpútà á sọ dúdú di funfun, á sọ funfun di dúdú, pírintà á wá fi ìńkì tẹ̀ ẹ́ sórí ọ̀rá tó mọ́ gaara. Nẹ́gẹ́tíìfù nìyẹn, bíi ti àwọn onífọ́tò ayé ijọ́un. Yóò fi búrọ́ọ̀ṣì pa oògùn sójú pépà, yóò da ojú ìńkì dé e nínú férémù, yóò sì gbé e fún oòrùn. Ibi tí ìńkì bá ti pọ̀, pépà á funfun. Ibi tó bá ti fẹ́lẹ́, á dúdú. Lẹ́nu, ó rọrùn.

Ti àkọ́kọ́, ìńkì fẹ́lẹ́ jù. Ìyàwó mi jáde bí ìdí ìkòkò. Mo ní, "Ìyá rẹ dúdú lóòótọ́, àmọ́ kò jóná." Èyí tó tẹ̀ lé e, pírintà fa ilà gbọọrọ láti etí kan dé ìkejì. Ìbídùn, àbúrò ìyàwó mi tó wá kí wa láti Erio, bojú wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi kò kọlà láyé. Ṣé ọ̀run ló ti lọ kọ ọ́?" A rẹ́rìn-ín bí inú ṣe ń bí wa. Bí oòrùn bá yọ, iná ò ní sí tí pírintà yóò fi ṣiṣẹ́. Bí iná bá dé, òjò á ti ṣú. Pépà ń tán, oògùn ń tán, òórùn àdí inú yàrá ìyàwó mi náà ń tán lọ.

Nígbẹ̀yìn, oògùn ku ìwọ̀n tí yóò tó pépà kan ṣoṣo. Fúnmiláyọ̀ tún nẹ́gẹ́tíìfù ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, a sá férémù sí àgbàlá títí oòrùn fi ṣe tirẹ̀, ó wá pè wá wọlé. Ó da omi oògùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé pépà náà lórí. N kò mọ̀ pé àwòrán náà kì í rọra yọ. Ojú Ọmọ́ladùn kàn wà níbẹ̀, bí ẹni tó ti ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo rí ìrun ìpéǹpéjú rẹ̀. Ìbídùn bú sẹ́kún.

Mo ní, "Ta nìyí?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni ìyá rẹ ní àpá ẹ̀gún ọ̀pẹ. Ti ẹni yìí wà lápá ọ̀tún."

Ó wo pépà, ó wo ọ̀rá, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nítorí pé ojú ìńkì ni wọ́n ń dà dé pépà, ó yẹ kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ yí ọ̀tún sí òsì. Ó ṣe é fún àwọn ti ìṣáájú. Èyí tó tún bẹ̀rẹ̀ yìí ló gbàgbé. Ó ní, "N ó fà á ya." Inú ń bí mi sí pírintà, sí iná, sí Ọmọ́ladùn pàápàá tó lọ láìdágbére.

Ìbídùn ló di ọwọ́ Fúnmiláyọ̀ mú. "Má fà á ya. Kò sẹ́ni tó mọ ojú yìí nínú ulé yìí bíi tèmi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí bó bá ń lé tìróò. Bó ṣe máa ń rí nínú dígí nìyí."

Dígí Ọmọ́ladùn ṣì wà lára ògiri yàrá náà. Ọjọ́ tó kú ni wọ́n ti yí ojú rẹ̀ sẹ́yìn, bí a ṣe máa ń ṣe, kò sì sẹ́ni tó rántí yí i padà. Mo dìde, mo yí i, mo nu eruku rẹ̀. Nígbà tí pépà gbẹ, mo kan férémù fún un, mo gbé e kọ́ sí ògiri kejì, kí òun àti dígí kọjú síra wọn.

Ibẹ̀ ló wà dòní. Mo ti rò pé mo mọ ojú obìnrin yìí tán. Bí mo bá wo pépà, ojú tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ni mo ń rí, èyí tó ń wò láràárọ̀ kó tó jáde sí wa, tí n kò bá a wò rí ní gbogbo ìgbà tí a fi jọ gbé. Bí mo bá yíjú sí dígí, àpá á padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, tèmi nìyẹn. Fúnmiláyọ̀ pè láìpẹ́ yìí pé òun ti rí oògùn mìíràn, òun ń bọ̀ wá tún un ṣe bó ṣe yẹ. Mo ní kó máa bọ̀, ṣùgbọ́n kó fi pírintà sílẹ̀ sí Èkó.