Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta Ni Wọ́n Pe Làtíìfù

Bọ́ọ̀sì ni Làtíìfù ọ̀rẹ́ mi ń dúró dè ní Old Kent Road nílùú òyìnbó níbí láàárọ̀ Tuesday tó kọjá nígbà tó ṣubú, tí kò dìde mọ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkàn nìkan kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí wa ní Peckham, ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń to bàtà wa ní Jímọ̀, tí yóò kọjú wọn síta kó lè rọ̀ wá lọ́rùn láti wọ̀ wọ́n. Kò sẹ́ni tó rán an.

Lọ́dún tó kọjá, àyà dùn ún níbi iṣẹ́. Ní ọsibítù, wọ́n fi irin kékeré sínú iṣan ọkàn rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn oṣù kan àti ìwé pélébé kan tí àwòrán sàláàdì kún inú rẹ̀, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kì í jẹ ẹ̀bà ní Rye Lane àdúgbò wa. Wọ́n ní àwọn yóò pè é sí kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ ẹni tó lárùn ọkàn bí yóò ṣe tọ́jú ara rẹ̀.

Wọ́n pè é lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, nígbà tó ń fọ ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí wọn kì í jẹ́ kó gbé fóònù. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé: kò dáhùn, wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe ń wá ẹni tí ikú ń wá nìyẹn?

Oògùn tán. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ dá a dúró. “Wọ́n ti fi irin sí i,” ló wí fún mi, tó ń rẹ́rìn-ín. “Wọ́n ti tún un ṣe. Kí ni mo tún fẹ́ fi oògùn ṣe?”

Ibi tó ti kàn mí nìyí. Èmi ni sẹ́kítírì mọ́ṣáláṣí. Làtíìfù mú lẹ́tà yẹn wá bá mi lẹ́yìn ìrun Àsárì.

“Bá mi pè wọ́n. Ìwọ lo gbọ́ òyìnbó wọn.”

“Lọ́la,” ni mo wí, mo fi lẹ́tà sápò. Lọ́la di oṣù mẹ́rin.

Ó tún kù. Nọ́ọ̀sì kan, Kánsọ́lá, kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ wa pé òun fẹ́ máa wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo Jímọ̀, kí òun sì máa la àwọn tó lárùn ọkàn lọ́yẹ̀. Tábìlì kan àti àga méjì péré ló béèrè. Ìpàdé mẹ́ta la fi jiyàn lórí àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì tuntun, a ò fọwọ́ kan ìwé rẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì náà rẹwà. Orí rẹ̀ la ti kírun sí Làtíìfù lára.

Lọ́jọ́ náà, Rahmah, ìyàwó rẹ̀, bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, “Kí ni àwọn ọsibítù sọ nígbà tí ẹ pè wọ́n?”

Mo wolẹ̀. “Mi ò pè wọ́n, Ìyá Àmírà.”

Kò bú mi. Ó kàn ní, “Bàbá Àmírà ń retí yín.” Ì bá sàn kó bú mi.

Ẹ̀yin ọsibítù, ta ló pinnu pé ìpè mẹ́ta tó fún ẹ̀mí kan? Kí onítọ̀hún wá sọ ọ́ lójú Rahmah. Ẹ̀yin dókítà àdúgbò, oògùn rẹ̀ tán, ẹ ò béèrè ẹ̀. Kí ló dé? Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ jẹ́ ká ka ìwé Kánsọ́lá sókè níwájú jamáà ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, ká sì sọ ọjọ́ tó tẹ̀ wá lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa bi wá ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ká dáhùn ní ìdúró.

Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí mi.